Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Mú? Gbígba Ètò Tẹlifíṣọ̀n Sílẹ̀ Nínú Ilé

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wà nínú àpótí aṣọ ìyá mi ní Ìbàdàn. Àjákù àdìrẹ ni wọ́n fi wé e, ẹnìkan sì ti fi bírò kọ "Bàbá lórí tẹlifíṣọ̀n" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 1993, àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá fi ọ̀rọ̀ wá bàbá mi lẹ́nu wò lórí kòkó, torí bàbá mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ nígbà náà. Aládùúgbò wa kan tó ní ẹ̀rọ fídíò ló bá wa gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n, ìlà funfun sì ń sáré kọjá lójú bàbá mi bí ìgbà tí òjò winniwinni bá ń ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti la ẹnu, àwọn náà ni. Bí wọ́n ṣe máa ń wúkọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ owó, ó wà níbẹ̀. Bàbá mi kò sí láyé mọ́, kò sì sí ìgbàsílẹ̀ mìíràn tí ohùn wọn wà.

Ní 2019, ó kan ìyá mi. Wọ́n pè wọ́n sórí ètò kan láti ṣàlàyé bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Àbúrò mi gbà á sínú díkódà. Bọ́tìnnì pupa kan ṣoṣo ló tẹ̀ lára rìmóòtù. Àwòrán náà mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irun ara ìyẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn. Oṣù márùn-ún kò tíì pé tí àrá fi sán lóru ọjọ́ kan, ó bá wáyà díìṣì wọlé, díkódà jóná. A ra òmíràn. Mo tú èyí tó jóná, mo yọ háàdì dísìkì inú rẹ̀, mo gbé e lọ fún ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó ṣe dísìkì yín. Gbogbo ohun tí ẹ gbà ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í pa, inú díkódà tó jóná yẹn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà."

Kásẹ́ẹ̀tì ọdún 1993 ṣì ń sọ̀rọ̀. Ètò ọdún 2019 ti yadi. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí lòun lè rà láti máa fi gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nílé, n kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iye owó, n kì í sì í sọ̀rọ̀ bí àwòrán ṣe mọ́ tó. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé: bí o bá gbà á sílẹ̀ tán, ta ni yóò di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìdí tí èèyàn fi ń gba ètò sílẹ̀ pín sí méjì, ẹni tó bá sì da méjèèjì pọ̀ ni yóò kábàámọ̀ bíi tèmi. Ọ̀kan ni pé àkókò ètò kò bá ti wa mu. Ìròyìn NTA bẹ̀rẹ̀ ní aago 9 alẹ́, ẹ ṣì wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Ìwó Road. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí àkókò tí ẹ wà lóde ìnáwó. Irú èyí, bí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ ó pa á rẹ́ ni. Bó bá sì sọnù, ẹ ó ní "ó mà ṣe o", ọ̀rọ̀ tán. Èkejì ni ohun tí a fẹ́ kó wà títí lọ: ọmọ yín tó ń dáhùn ìbéèrè nínú ìdíje àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ìyá yín tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn, oríkì ìlú yín lẹ́nu akéwì, Ojúde Ọba tí àwọn ẹbí yín gun ẹṣin kọjá níwájú Awùjalẹ̀. Èyí kò ṣeé kó sínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nílé onílé.

Nígbà kan, kò sí ohun tó ń jẹ́ yíyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 oṣù Kẹwàá 1959, ẹni tí kò bá sí níwájú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ètò ń lọ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Sony gbé Betamax jáde ní 1975, JVC gbé VHS tẹ̀lé e ní 1976, VHS ló sì wá gba ilé wa kan. Kásẹ́ẹ̀tì E-180 ń gba wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, ike pẹlẹbẹ kan wà ní igun kan tí kò ju èékánná lọ. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ṣẹ́ ike yẹn, ẹ̀rọ fídíò kò ní gbà láti gba nǹkan mìíràn lé ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá wá yí ọkàn padà, ẹ ó lẹ sẹ́lótéépù mọ́ ojú ihò náà, yóò tún gbà. Aládùúgbò wa ṣẹ́ ike kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi kó tó gbé e fún wa. Ohun tí kò jẹ́ kí èmi àti àbúrò mi pa á rẹ́ nìyẹn ní 1994, nígbà tí Super Eagles kọ́kọ́ lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, tí a tú gbogbo ilé láti wá kásẹ́ẹ̀tì tí a ó fi gba bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Àbí ẹ ò rí i? Ara kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni àgádágodo wà, ẹni tó ni kásẹ́ẹ̀tì ló ń tì í, òun náà ló ń ṣí i. Ẹ gbé e dé ilé ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ fídíò ládùúgbò, yóò sọ̀rọ̀.

Inú àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ní Amẹ́ríkà kò dùn sí i. Universal àti Disney pe Sony lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀. Ní 17 oṣù Kìn-ín-ní 1984, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sọ pé kò sóhun tó burú bí èèyàn bá gba ètò sílẹ̀ nílé láti wò ó nígbà tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dijítà wá dé, inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi àgádágodo sí.

Ẹ má sì rò pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yóò bá yín tọ́jú ohun tí ẹ fẹ́ràn. BBC ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá pa ọ̀pọ̀ ètò àwọn ọdún 1960 rẹ́, torí téèpù wọ́n, wọ́n sì fẹ́ fi gba nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìpín eré Doctor Who bá a lọ. Àwọn òǹwòran tó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ wọn ni kò jẹ́ kí ohùn àwọn ìpín náà ṣègbé. Obìnrin kan sì wà ní Philadelphia tó ń jẹ́ Marion Stokes. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ló ti ń gba ìròyìn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, tọ̀sán tòru, lórí ẹ̀rọ fídíò bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò lè pẹ́ lóde, torí ó di dandan kí wọ́n padà wá pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì kó tó kún. Kò dáwọ́ dúró títí tó fi kú ní oṣù Kejìlá 2012. Nǹkan bí 70,000 kásẹ́ẹ̀tì ló fi sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì kó wọn fún Internet Archive kí gbogbo ayé lè rí wọn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti máa pè é ní aláṣejù nígbà tó wà láyé. Èmi bọ̀wọ̀ fún un gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó wà lọ́jà.

Díkódà tó ní háàdì dísìkì nínú ló rọrùn jù láti lò. Explora tí DStv gbé jáde ní 2013, fún àpẹẹrẹ, ní dísìkì terabáìtì 2 nínú. Ó lè gba ètò méjì sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń wo ìkẹta. Ẹ lè dá ètò tó ń lọ lọ́wọ́ dúró kí ẹ lọ ro àmàlà, kí ẹ padà wá máa bá a lọ. Bí ẹ bá sì ní kó máa gba eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan, yóò máa gbà á láìjẹ́ pé ẹ tún rán an létí. Fún ẹni tó kàn fẹ́ wò, kó pa á rẹ́, n kò mọ èyí tó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àrokò ni àwọn díkódà olówó-oṣù fi máa ń di ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Láyé àwọn baba wa, ọba kan lè di owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀ ránṣẹ́ sí ọba mìíràn, kí ẹni tó rù ú dé ibẹ̀ má mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ló mọ̀ ọ́n kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni díkódà yìí. Òun nìkan, pẹ̀lú káàdì tàbí nọ́ńbà ara rẹ̀, ló mọ àrokò tirẹ̀ kà. Ẹ gbé dísìkì náà sínú díkódà mìíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, kò ní mọ̀ ọ́n kà. Bí owó oṣù bá sì tán, àṣẹ láti wo ohun tí ẹ ti gbà sílẹ̀ sábà máa ń bá a lọ. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn: bí kò fún un lẹ́sẹ̀, á ṣo ó.

Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìsinsìnyí ní ihò fíláṣì lẹ́yìn, òmíràn sì lè gba ètò sílẹ̀ sínú fíláṣì fúnra rẹ̀. Ẹ wo ara rìmóòtù bóyá bọ́tìnnì tí wọ́n fi àmì roboto pupa sí wà níbẹ̀, tàbí kí ẹ wo páálí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ PVR síbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n fi ẹ́ríà ara rẹ̀ mú nìkan ló lè gbà. Ohun tó bá gba inú wáyà HDMI wá láti díkódà, kò ní fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ki fíláṣì bọ̀ ọ́, yóò ní kí ẹ jẹ́ kí òun tún un ṣe, bí ẹ bá sì ti gbà, gbogbo ohun tó wà nínú fíláṣì náà ti lọ nìyẹn, títí kan fọ́tò ìgbéyàwó. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀pọ̀ wọn náà ń fi àrokò di í, tó jẹ́ pé lójú tẹlifíṣọ̀n yẹn nìkan ni yóò ti ṣeé wò. Ọjọ́ tí ojú tẹlifíṣọ̀n bá fọ́, ó parí.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú nǹkan, ọ̀nà tí èmi fọwọ́ sí ni díkódà ọ̀fẹ́, èyí tí àwọn onídíìṣì ń pè ní free-to-air, tó ní ihò fíláṣì. Kò ní gbé àwọn ìkànnì olówó-oṣù wá, kò sì yẹ kí ẹ retí rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé ètò wọn sójú ọ̀run láìtì í pa ló ń mú, irú ibẹ̀ sì ni a ti sábà máa ń rí àwọn èèyàn wa àti ọ̀rọ̀ ìlú wa. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò ti tì í, bó ṣe ń bọ̀ láti òkè ni díkódà ń dà á sínú fíláṣì, bí ẹni gbé korobá sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Fíláṣì yẹn ṣeé kì bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní Peckham. Ní Òṣogbo, tí ètò tẹlifíṣọ̀n dijítà FreeTV ti bẹ̀rẹ̀ láti 2018, àti ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, àpótí tó ń lo ẹ́ríà lásán náà wà, kò pọn dandan kí ẹ gbé díìṣì sórí òrùlé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo díkódà ọ̀fẹ́ ni ohun tó gbà ń ṣí níbòmíràn, ẹnu ọlọ́jà kò sì tó láti fi mọ̀. Mo lọ ra ọ̀kan ní Alábà. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ń rẹ́kọ́dù dáadáa." Mo ní kò burú. Mo mú fíláṣì tèmi jáde, mo ní ká gba ìṣẹ́jú méjì péré. Ó gbà á, ó tẹ̀ ẹ́, àwòrán jáde lójú tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ti parí. Mo yọ fíláṣì náà, mo ní kó bá mi kì í bọ kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀, kó fi VLC ṣí i. Ti díkódà àkọ́kọ́ yẹn kò ṣí rárá. A dán díkódà méjì mìíràn wò: ti èkejì ṣí, ṣùgbọ́n kò lóhùn. Ìkẹta ló sọ̀rọ̀: fáìlì kan péré, orúkọ rẹ̀ ní déètì àti orúkọ ìkànnì, ìparí rẹ̀ jẹ́ ts. Ọ̀gá rẹ̀ wo ojú mi, ó ní, "Alàgbà, ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá." Gbogbo rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ogún ìṣẹ́jú yẹn ni n kò lò ní 2019.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé ètò wọn sórí YouTube lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ọ̀pọ̀ eré Yorùbá sì ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ó dára láti wò. Ṣùgbọ́n dátà ń jẹ owó, bí ẹ bá sì ní kí fóònù tọ́jú ètò náà kí ẹ lè wò ó nígbà tí dátà kò sí, inú YouTube náà ló máa wà, kò ṣeé mú jáde. Ọjọ́ tó bá wu ẹni tó gbé e síbẹ̀ láti yọ ọ́, yóò yọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ tún wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀nà méjì ló ṣẹ́kù tí kò ná èèyàn ní nǹkan, tí àwọn èèyàn sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin tàbí ẹni yín ló wà lórí ètò, ẹ mú fíláṣì lọ sí ilé iṣẹ́ náà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹ bẹ olóòtú ètò pé kó fún yín ní ẹ̀dà kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo wí, kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀, torí wọ́n ń gba nǹkan tuntun lójoojúmọ́, ààyè wọn sì ní ìwọ̀n. Ìkejì ni kí ẹ gbé fóònù síwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, n kò bá wọn dá sí i. Ẹ gbé fóònù náà ní ìbú, ẹ fi ti nǹkan kó má gbọ̀n, ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, kí àwọn ọmọdé dákẹ́. Àwòrán rẹ̀ kò ní dára tó ti díkódà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ín.

Bí ẹ bá ti yan ẹ̀rọ, ó ku iná, iná ló sì ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Láyé ẹ̀rọ fídíò, bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, tó sì dá a padà, aago ojú ẹ̀rọ yóò padà sí òdo, yóò máa ṣẹ́jú, ohun tí ẹ sì ti ní kó gbà ní aago mẹ́jọ ti dàwátì. Díkódà ìsinsìnyí máa ń rí aago kọ́ láti inú ohun tí ilé iṣẹ́ ń gbé sáfẹ́fẹ́, ìyẹn ti kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá sí nígbà tí ètò ń lọ, kò sóhun tó lè gbà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé kò dìgbà tí tẹlifíṣọ̀n bá wà ní títàn kí díkódà tó gba ètò sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló ń jẹ iná. Ẹ wo ara ádápítọ̀ díkódà ọ̀fẹ́: bí wọ́n bá kọ 12V àti 1.5A síbẹ̀, 18W ló pọ̀ jù tó lè fà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ju 10W lọ. Bátìrì kékeré 12V, 7Ah, irú èyí tó máa ń wà nínú UPS kọ̀ǹpútà, gba 84Wh. Kó má baà tètè kú, ẹ má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, ìyẹn 42Wh. Ẹ pín in fún 10, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin. Bátìrì tí kò tóbi ju bíríkì lọ lè gba ìròyìn, eré àti ìwàásù sílẹ̀ lálẹ́ kan, láìtan jẹnẹrétọ̀ tí kò ní jẹ́ kí aládùúgbò sùn. Ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ so ó, kó sì fi fíúùsì sí i. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ fa wáyà díìṣì yọ lẹ́yìn díkódà. Ètò yòówù kó máa lọ lọ́wọ́, ẹ fà á yọ.

Ọ̀rọ̀ aago ku kékeré kan. GMT+1 ni aago Nàìjíríà. Díkódà tí wọ́n bá kó wá láti òkèèrè lè wà lórí GMT lásán. Bí ẹ kò bá tún un ṣe, tí ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ ní aago 9, aago 10 ni yóò bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìparí lẹ ó sì gbọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ wa náà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ètò lákòókò tí wọ́n kéde. Èmi máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, mo sì máa ń fi ọgbọ̀n tẹ̀lé e.

Fíláṣì wá ńkọ́? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ètò tí kì í ṣe HD, bí ìṣàn rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan rẹ̀ yóò gba gígábáìtì 1.8. Fíláṣì gígábáìtì 32 yóò gba bíi wákàtí 17. HD lè gba ìlọ́po méjì èyí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tún fíláṣì náà ṣe sí FAT32, fáìlì kan ṣoṣo kò lè ju gígábáìtì 4 lọ, ìyẹn bíi wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Díkódà kan yóò gé e, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Díkódà mìíràn yóò kàn dákẹ́ ni. Ojúde Ọba kì í ṣe ètò wákàtí méjì. Torí náà, ẹ dán ẹ̀rọ yín wò pẹ̀lú ètò gígùn kan tí kò ṣe pàtàkì kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ sì ṣọ́ra fún fíláṣì tí wọ́n kọ 128 sí lára, tí iye owó rẹ̀ kò tó ti 16: irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Yóò máa gbà, yóò máa gbà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ wò ó, kò ní sí nǹkan kan.

Fíláṣì kì í ṣe ibi ìtọ́jú ọlọ́jọ́ gígùn. Ibi ìgbàsílẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ kó o sí kọ̀ǹpútà tàbí háàdì dísìkì lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì fi orúkọ tó ní ìtumọ̀ pè é: orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, orúkọ ètò, ọjọ́. Ohun tí ẹ gbà fún ilé yín, ẹ jẹ́ kó wà nílé yín. Ẹni tó bá gba eré Yorùbá sílẹ̀ tó sì ń dà á sórí síídì láti tà ń jí oúnjẹ jẹ lẹ́nu àwọn tó ṣe é, a sì ti rí iye òṣèré tí irú olè bẹ́ẹ̀ sọ di aláìní.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Dùgbẹ̀ tó ṣì ní ẹ̀rọ fídíò tó ń ṣiṣẹ́. Funai, ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe ẹ̀rọ náà kẹ́yìn lágbàáyé, ti dáwọ́ dúró ní 2016, nítorí náà èyí tó wà nílẹ̀ ni à ń tún ṣe. Bàbá náà tú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi òwú tó rì bọ spíríìtì nu èéfun tó ti bo etí téèpù, ó so wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí bí a ṣe lè mú un yára: ìṣẹ́jú 11 ni ó gbà. A jọ jókòó, a jọ gbọ́ ọ. Ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà mi báyìí, ó wà nínú háàdì dísìkì àbúrò mi, ẹ̀dà kan sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa lókè òkun. Ní ti ìyá mi, mo gbé fóònù sórí àga ní Sátidé, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì tún àlàyé àdìrẹ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ohun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù bá wà nínú díkódà yín báyìí, ẹ má dúró de àrá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ yìí, kí ẹ gbé fóònù síwájú rẹ̀, kí ẹ sì gbà á.